Orí Kẹta: Ìlà Kejìdínlógójì

"Ẹ tú u fúnra yín, Ìyá Ìrètí," ni mo wí. "Òfin ò gbà kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án."

Àwẹ̀ró ki ọwọ́ bọ abẹ́ bùbá rẹ̀, ó tú ìlẹ̀kẹ̀ aṣọ́yún tó ti wà ní ìdí rẹ̀ láti ìgbà tí oyún ọmọ rẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì kó o lé mi lọ́wọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ náà ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ti mọ ohun gbogbo tí obìnrin náà jẹ, ibi gbogbo tó rìn dé, atẹ́gùn gbogbo tó fà símú fún ọdún méje, kò sì gbàgbé ẹyọ kan. Mo kó o sẹ́nu Ẹlẹ́rìí.

Ẹlẹ́rìí kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ ni, kò ga ju àpótí ìjókòó lọ. Wọ́n fún un ní ohùn ìyàwó tuntun kí ọ̀rọ̀ burúkú tó ń tẹnu rẹ̀ jáde má baà dun àwọn ènìyàn jù. Ó ṣì ń dùn wọ́n.

"Oyún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà," ni Ẹlẹ́rìí wí. "Èéfín igi. Ọjọ́ mọ́kànlá léraléra. Ó kọjá ohun tí òfin gbà."

"Bẹ́ẹ̀ ni," Àwẹ̀ró yára dáhùn, bí ẹni pé wọ́n bi í léèrè. "Ara ìyá ọkọ mi ni kò yá. Ẹja wà lórí iná, ọkọ mi wà lójú omi. Mo ní kí n kàn bá wọn ṣọ́ iná náà ni. Mo mọ̀ pé wọ́n ní kí aboyún má dé ibi èéfín. Mo mọ̀, Àǹtí Òǹkàwé. Mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀."

Kò sẹ́ni tó bi í. Yàrá ìdúró la ṣì wà, àwa mẹ́ta: èmi, òun, àti Ìrètí ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, tí kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Ìgbìmọ̀ Aṣọ́yún ti Òkè-Ọ̀sà kò tíì pè wá wọlé. Tí wọ́n bá pè wá, wọ́n á bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo, màá dáhùn, Àwẹ̀ró á jẹ̀bi, wọ́n á sì mú Ìrètí lọ sí Ilé Àbójútó lórí òkè, níbi tí ìyá rẹ̀ á ti máa rí i lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Mo mọ bó ṣe ń lọ. Mo ti jókòó síbẹ̀ fún ìyá méjì ṣáájú rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta yìí.

Ìrètí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó wá síwájú mi, ó na àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé mi láyà.

"Ẹ má bínú," ìyá rẹ̀ wí. "Bó ṣe máa ń mọ̀ bóyá ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ bá mi sọ nǹkan kan sí i, kò ní fi yín sílẹ̀ bí ẹ ò bá sọ."

"Ìrètí, ṣé dáadáa ni?" ni mo wí.

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí ìyá rẹ̀, ó fi ìka méjì ṣe nǹkan kan lójú afẹ́fẹ́, bí ewé tí atẹ́gùn ń mì. Àwẹ̀ró náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Ó ní ohùn yín ń gbọ̀n."

Kò purọ́. Èmi tó yẹ kí n máa ka ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ ọdún mẹ́fà ti kà mí tán pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́.

Ohun tó ń mú ohùn mi gbọ̀n nìyí. Etí Ìrètí kò bàjẹ́ nítorí èéfín. Èmi mọ ohun tó bà á jẹ́, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó bí i.

Ní ìlú wa, kò sí oyún tí wọn kì í gbálẹ̀ rẹ̀. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìyá á gba abẹ́rẹ́, abẹ́rẹ́ á wọnú ìwé ẹ̀jẹ̀ ọmọ, á sì gbá ohun tí wọ́n ní kó gbá. Nínú ìwé yẹn, díẹ̀ báyìí ló ń sọ̀rọ̀. Àwọn wọ̀nyí là ń pè ní àbùdá, àwọn ló ń sọ pé kí ojú di ojú, kí etí di etí. Ìyókù, ojú ewé gbọọrọ lórí ojú ewé gbọọrọ, kò sọ nǹkan kan. Àwọn tó ṣáájú wa pè é ní òfìfo. Wọ́n ní inú rẹ̀ ni àìsàn àtijọ́ máa ń sùn sí, pé ká gbá a dànù.

Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí a ti mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo òfìfo ló ṣófo. Súìṣì wà nínú rẹ̀. Àbùdá kì í dédé ṣiṣẹ́. Nǹkan kan ló ń tàn án, tó ń sọ fún un pé àkókò tó, pé etí ni kó ṣe, kì í ṣe ẹ̀dọ̀. Súìṣì náà lè jìnnà sí àbùdá tó ń tàn bí ìlú kan ṣe jìnnà sí èkejì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gba àwa Òǹkàwé síṣẹ́. Kí abẹ́rẹ́ tó gbá ohunkóhun, a ó kọ́kọ́ fi díńgí wa wò ó, láti mọ̀ bóyá ó ń tàn níbì kan nínú ara ọlẹ̀. Bí ó bá tàn, a ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Kò sí iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ wa. Ìyẹn náà ni mi ò ṣe.

Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lo oṣù mẹ́ta lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá wa ni Màmá Oyèbọ̀dé, obìnrin tó mọ ìwé ẹ̀jẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ létí ọ̀sà. Lọ́jọ́ kan, àwọn àlejò méjìlá wá láti ìlú mìíràn, Màmá sì ń fi ìwé ìgbálẹ̀ tuntun hàn wọ́n, ìlà ogójì tí abẹ́rẹ́ máa gbá. Èmi ni mo di díńgí mú. Ní ìlà kejìdínlógójì, mo rí i: níbi tí etí ti ń fẹ́ yọ lára ọlẹ̀, ohun kan ń tàn, ó kéré bíi tànnátànná. Màmá ti kọjá rẹ̀. Ó rẹ̀ wọ́n ni, wọn ò rí i.

"Ìbíyẹmí," Màmá pè mí níwájú gbogbo wọn, "ó dára àbí kò dára?"

Ẹni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa kì í sọ fún àgbà níwájú àlejò pé ó ṣì í. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé, tí àlejò bá ti lọ, wàá lọ bá a ní yàrá rẹ̀, wàá kúnlẹ̀, wàá ní, "Mà, ẹ dákun, ẹ bá mi wo ibì kan tí kò yé mi." Wàá ṣe bí ẹni pé ìwọ ni òpè. Òun á wò ó, á tún un ṣe, ojú ẹnikẹ́ni ò sì ní bàjẹ́. Gbogbo ilé iṣẹ́ tó dára ní Òkè-Ọ̀sà, bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ó dára, mà." Ìrọ̀lẹ́ ni mo ń dúró dè.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ránṣẹ́ sí Màmá pé ìyá wọn ti kú.

Ta ló máa gbé ọ̀rọ̀ ìlà kejìdínlógójì lọ bá ẹni tí ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú? Èmi kọ́. Wọ́n lọ síbi ìsìnkú, wọ́n lo ọjọ́ mẹ́jọ. Lọ́jọ́ kẹta, ìwé ìgbálẹ̀ jáde lọ sílé abẹ́rẹ́. Nígbà tí Màmá dé, wọ́n bá mi mú àkàrà òkú wá nínú ike, wọ́n ní, "Ọmọ mi, o bá mi tọ́jú ilé." Mo jẹ àkàrà náà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo wọ inú ìwé ìgbálẹ̀, mo yọ ìlà kejìdínlógójì kúrò ní jẹ́jẹ́, mo kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé "àtúnṣe kékeré". Kò sẹ́ni tó bi mí. Àmọ́ obìnrin mẹ́ta ti gba abẹ́rẹ́ kí n tó yọ ọ́.

Ilẹ̀kùn ṣí. Wọ́n pè wá.

Àwọn mẹ́ta ló jókòó sórí pẹpẹ ìgbìmọ̀, Màmá Oyèbọ̀dé sì wà láàárín. Wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọ́n ti fẹ̀yìn tì nílé iṣẹ́ wa, ìlú fi wọ́n ṣe olórí ìgbìmọ̀ nítorí pé wọn kì í gba rìbá, wọn kì í sì í pariwo mọ́ni. Wọ́n wò mí, ojú wọn rọ̀. Wọ́n ṣì ń pè mí lọ́mọ títí di òní.

Ẹlẹ́rìí tún ka ọjọ́ mọ́kànlá èéfín náà fún wọn. Àwẹ̀ró ń mi orí sí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan.

"Òǹkàwé," Màmá wí, "ṣé àbùdá etí ọmọ yìí pé?"

Ìbéèrè tí òfin ní kí wọ́n bi mí nìyẹn, òun nìkan. Bí àbùdá bá pé tí etí kò sì gbọ́, a jẹ́ pé ìyá ló ṣe é. Fún Ìyá Dúródọlá, ìyá kìíní nínú àwọn méjì tó ṣáájú, mo dáhùn pé, "Ó pé, mà." Fún Fẹ̀hìntọ́lá, mo dáhùn pé, "Ó pé, mà." Òtítọ́ ni, lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo fi òtítọ́ yẹn bora bí aṣọ, mo sì ń sùn. Irọ́ ni, mi ò sùn. Lẹ́yìn ẹjọ́ Ìyá Dúródọlá, mo bá a sunkún lẹ́nu ọ̀nà, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ohun tí mo jẹ́ nìyẹn.

Mo ya ẹnu. Mo tún pa á dé.

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá," Àwẹ̀ró wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, "ẹ má jẹ́ kí Àǹtí máa dààmú. Ojú mi ló ń tì wọ́n. Ó pé. Èmi ni mo ba ọmọ mi jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó parí."

Ó ń ràn mí lọ́wọ́. Obìnrin tí mo fẹ́ gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ń ràn mí lọ́wọ́ kí n lè tètè gbà á. Ìtìjú tó mú mi lórí ìdúró yẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

"Ó pé, mà," ni mo wí. "Ṣùgbọ́n súìṣì rẹ̀ kò sí níbẹ̀."

Màmá yọ ojú sí mi lókè awò wọn. "Kí ni o wí?"

"Ẹ wo iná òkè yìí, mà. Gílóòbù rẹ̀ pé, wáyà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún la ti ń tàn án. Bí ẹnìkan bá wá yọ súìṣì kúrò lára ògiri, tó ní òun ò rí i kó mọ́lẹ̀ rí, pé kò wúlò, inú òkùnkùn la máa wà, a ó sì máa bú gílóòbù. Àbùdá etí Ìrètí pé. Kò sẹ́ni tó tàn án rí ni. Ẹ ní kí Ẹlẹ́rìí ṣí òfìfo, mà. Ìlà kejìdínlógójì."

"Òfin ò ní ká ṣí òfìfo," ọ̀kan nínú àwọn tó kù wí.

"Ṣí i," Màmá wí.

Ẹlẹ́rìí ṣí i. Lẹ́yìn náà ó fi ohùn ìyàwó tuntun rẹ̀ sọ pé, "Kò sí níbẹ̀. Wọ́n ti gbá a."

"Ta ló gbá a?" Àwẹ̀ró béèrè. Kò tíì yé e. Ojú rẹ̀ ń lọ láti ọ̀dọ̀ mi sọ́dọ̀ Màmá.

"Àwa ni, Ìyá Ìrètí. Abẹ́rẹ́ wa ni. Èéfín ò bá a dé ibẹ̀ rárá."

Màmá Oyèbọ̀dé bọ́ awò wọn, wọ́n gbé e kalẹ̀. Mo rí i pé wọ́n ti rántí. Ẹni tó mọ ìwé bíi tiwọn kì í gbàgbé ìlà kan.

"Mo bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn," ni wọ́n wí. "Níwájú àwọn àlejò."

"Ẹ bi mí, mà."

"O ní ó dára."

"Mo ní ó dára, mà."

"Ìbíyẹmí, ṣé mo ṣì í?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tí orúnkún mi kanlẹ̀. Kò dúró gbàṣẹ lọ́wọ́ mi.

"Ẹ ṣì í, mà. Mo rí i, mi ò sọ."

"Kí ló dé tí o ò wá bá mi ní yàrá?"

"Ẹ lọ sìnkú ìyá yín, mà."

"Ọjọ́ mélòó ni mo lò níbẹ̀?"

"Mẹ́jọ, mà."

"Nígbà tí mo dé ńkọ́?"

Ọdún méje ni mo fi kọ́ ilé àwáwí, ó ga, ó ní fèrèsé. Ìbéèrè kan ni Màmá fi wó o. Ìsìnkú wà nínú rẹ̀, ọ̀wọ̀ àgbà wà nínú rẹ̀, ẹ̀kọ́ ilé wà nínú rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè dáhùn pé, nígbà tí wọ́n dé ńkọ́.

"Ẹ̀rù bà mí, mà," ni mo wí. "Mo bẹ̀rù pé ẹ ò ní pè mí lọ́mọ mọ́."

Màmá yíjú sí Ẹlẹ́rìí. "Kọ ọ́ sílẹ̀ pé Oyèbọ̀dé ló ṣe àṣìṣe yìí. Orúkọ mi ni kí o fi ṣáájú. Tirẹ̀ ni kí o fi tẹ̀ lé e." Lẹ́yìn náà wọ́n wo Àwẹ̀ró. "Ìyá Ìrètí, mú ọmọ rẹ máa lọ sílé. Ọ̀rọ̀ àwọn méjì tó ṣáájú rẹ, ìgbìmọ̀ á jókòó lé e lórí. Ní tìwa, ẹjọ́ wa ń bọ̀."

Ní èbúté níta, oòrùn ṣì mú. Àwẹ̀ró gbé Ìrètí sí ìdí òpó ọkọ̀, ó sì dúró, ó kẹ̀yìn sí mi. Mo lọ kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lórí pákó. Mo ní kí ó dárí jì mí. Mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí ọ̀rọ̀ náà fi di omi lẹ́nu mi.

"Ìyá ọkọ mi ránṣẹ́ pè mí lẹ́ẹ̀mẹta kó tó kú," ni ó wí, kò sì yíjú padà. "Mi ò lọ. Mo ní àìsàn rẹ̀ ló gbé mi dé ibi iná. Mo ti kọ́kọ́ sọ ọ́ lójú rẹ̀ pé òun ló ba ọmọ mi létí jẹ́. Arúgbó náà gbà á. Ó gbà á, ó gbé e lọ sí sàréè." Ó yíjú sí mi wàyí. "Lọ́dún wo ni o mọ̀?"

Kò pè mí ní ẹ̀yin mọ́. Mi ò sì ní kó pè mí bẹ́ẹ̀.

"Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Nígbà tí ó ń ránṣẹ́ sí mi, o mọ̀."

"Mo mọ̀."

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá dára bó bá gbá mi. Ó kàn wò mí títí, bí ẹni tó ń wo àwọ̀n tó ti ya kọjá títúnṣe.

"Dìde," ó wí. "Àwọn méjì tó ṣáájú mi, níbo ni wọ́n ń gbé?"

"Ìyá Dúródọlá wà ní Ìsàlẹ̀ Odò. Fẹ̀hìntọ́lá wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀. Ìgbìmọ̀ á ránṣẹ́ sí wọn. Èmi náà á lọ. Lọ́la, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá..."

"Lọ́la kẹ̀? Lọ́la tìrẹ ló di ọdún méje. Bọ́ sínú ọkọ̀. Èmi á bá ọ lọ, kí o má baà yà lójú ọ̀nà."

A wọ ọkọ̀. Ìrètí na ẹsẹ̀ sínú omi, ó ń wo bí omi ṣe ń là sí méjì, inú rẹ̀ dùn, nítorí kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí òun rí láyé. Mo ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kàn mi, mo ń tú u ká. Kò sí bí mo ṣe tò ó tí kò burú.

Orí òpó ni ilé Ìyá Dúródọlá wà, bíi gbogbo ilé Ìsàlẹ̀ Odò. Ó ń sá ẹ̀wù ọmọdé kan sórí okùn nígbà tí a dé, ẹ̀wù tí kò sí ọmọ tí yóò wọ̀ ọ́ nínú ilé. Ó rí mi, ojú rẹ̀ tàn.

"Àǹtí Òǹkàwé! Ẹ̀yin náà ni? Ẹ wọlé, ẹ wọlé. Ta lẹ mú wá yìí? Ẹ kú oòrùn o. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí n bu omi fún yín."

"Ìyá Dúródọlá, ọ̀rọ̀ kan ni mo..."

"Ẹ mumi ná. Ọ̀rọ̀ kì í sá." Ó ti wọlé, ó ti jáde, ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ife sí mi pẹ̀lú ìkúnlẹ̀, omi tútù láti inú àmù. Àwẹ̀ró dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó di ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mú, ó ń wò mí.

Mi ò gba ife náà.

"Ẹ má fún mi lómi, mo bẹ̀ yín," ni mo wí. "Ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí mo ṣe sí yín."

Ó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín. "Kí lẹ lè ṣe sí mi?" ni ó wí. "Ṣebí ẹ̀yin nìkan lẹ bá mi sunkún lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọmọ mi lọ."